Èló Ni Ká Pe Iṣẹ́ Wa?

Àwọn baba wa kò fi owó iṣẹ́ ṣeré. Bí wọ́n bá ń ṣe àáró, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń san ọjọ́ kan: ẹni tí a bá ro oko fún lónìí yóò bá wa ro tiwa lọ́la. Bí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ni yóò pèsè oúnjẹ. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ dípò èlé owó tí a yá. Alágbàṣe ní tirẹ̀ kì í fọwọ́ kan ọkọ́ kí òun àti olóko tó fẹnu kò lórí iye ebè àti iye owó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní iye.

Èyí ni mo rò nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan, tí ó di agbaṣẹ́ṣe tí ń túmọ̀ ìwé sí èdè Yorùbá. Ó ní, “Sà, ₦200,000 ni mo ń gbà lóṣù. Mo pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó ₦7,000. Ṣé kí n máa gba bẹ́ẹ̀ lójúmọ́?”

Mo ní kí ó dúró ná. Nínú ọjọ́ 365, Sátidé àti Sọ́ńdè kó nǹkan bí 104 lọ. Ọjọ́ ọdún wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí a fi ń wá iṣẹ́ àti èyí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún owó tí wọn kò tíì san náà wà níbẹ̀. Bí ó bá ku 150 tí ènìyàn yóò sanwó fún, 150 náà ni yóò bọ́ 365.

Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń san tún wà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fi ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, ó kéré tán, pamọ́ fún òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ yóò fi ìdá 8 kún un. Bí agbaṣẹ́ṣe kò bá fẹ́ kí ọjọ́ ogbó bá òun lójijì, òun nìkan ni yóò san méjèèjì. Kọ̀ǹpútà àti epo jẹnẹrétọ̀ náà, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n wà.

A jọ ṣírò rẹ̀. Owó oṣù ọdún kan jẹ́ ₦2,400,000. Ìdá 10 tí agbanisíṣẹ́ ń san, ₦240,000. Ohun èlò, ₦600,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦3,240,000. Nígbà tí a pín in sí 150, ó di ₦21,600 lójúmọ́.

Ẹ̀rù bà á. “Ta ni yóò san án, sà? Wọn yóò ní Yorùbá lásán ni.”

Gbólóhùn yìí ni ó dùn mí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó sanwó fún onílù àti ayàwòrán níbi ìgbéyàwó a máa rò pé ètò ìsìn tí mo bá a túmọ̀ kò ju oore lọ. Ṣebí gbogbo wa ni a ń sọ Yorùbá? Gbogbo wa náà ni a ń jẹun. Síbẹ̀, a ń sanwó fún alásè.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tí ó pe iye náà fún kò padà wá. Ẹnìkejì ná an títí, wọ́n parí rẹ̀ sí ₦20,000. N kò rí àbùkù nínú èyí. A lè ṣàánú, a sì lè gbà kí wọ́n ná an. Ṣùgbọ́n iye kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a dín. Ojú àwo ni àwo fi í gba ọbẹ̀. Bí àwa tí a mọ èdè yìí bá pè é ní ọ̀pọ̀, ta ni a fẹ́ kí ó pè é ní ọ̀wọ́n?