Òdòdó Ìgbéyàwó Tí Mo Sọ Nù

Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn. Nígbà tí ijó parí, tí àwọn alásè ń kó ìkòkò wọn, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣa owó tó bọ́ sábẹ́ àga, mo rí ìdì òdòdó rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti gé àkàrà òyìnbó. Ẹnìkan ti gbé ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lórí. Mo gbé ike náà kúrò, mo tú gèlè mi, mo fi wé òdòdó náà, mo sì gbé e lọ sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé gbèsè ni mo ń san.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni èmi náà wọ aṣọ funfun. Òdòdó oníke ni mo fẹ́ rà, nítorí pé òun ni gbogbo ẹgbẹ́ mi ń gbé dání. Kì í rọ, owó rẹ̀ kò sì ga. Màmá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí kò lè rọ, kò tutù rí." Ní ìdájí ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó fà mọ́ ògiri ilé wa, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní bougainvillea. Wọ́n fi róòsì pupa mẹ́ta kún un. Wọ́n wá gé etí aṣọ òkè àlàárì tí àwọn náà fi ṣe ìyàwó, wọ́n sì fi di ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìnáwó parí, mo gbàgbé òdòdó náà sẹ́yìn ọkọ̀. Màmá ló rán ènìyàn lọ gbé e. Wọ́n tú ìdì náà, wọ́n já àwọn ewé ìsàlẹ̀ kúrò, wọ́n pín òdòdó náà sí ìdì kéékèèké, wọ́n sì so ó kọ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè, kí ọrùn rẹ̀ má baà tẹ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn, nítorí pé oòrùn a máa pa àwọ̀ òdòdó. Afẹ́fẹ́ sì ń wọlé síbẹ̀ dáadáa. Ọyẹ́ ló ṣe ìyókù. Ọyẹ́ kan náà tó ń la ètè wa ló rọra fa omi inú òdòdó náà jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ bíi bébà. Màmá tò ó sínú ìgò ńlá kan, wọ́n so àlàárì náà mọ́ ọrùn ìgò, wọ́n dé e pinpin, wọ́n sì gbé e wá fún mi ní Èkó.

Ẹnu ni mo fi dúpẹ́, kò dé ọkàn mi. Mo gbé ìgò náà sójú fèrèsé ilé ìdáná. Nígbà tó yá, mo ṣí ọmọrí rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa gba eruku, n kò sì dé e padà. Nígbà tí òjò dé ní ọdún 2010, òdòdó náà bu. Ohun funfun kan hù sí i lára bí òwú, ó sì ń rùn. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, àti àlàárì náà pẹ̀lú. Mo fọ ìgò, mo sì rọ gàrí sí i. Nígbà tí Màmá béèrè lórí fóònù pé òdòdó mi ńkọ́, mo ní ó wà níbi tí mo gbé e sí. Wọn kò béèrè mọ́ láéláé.

Ní ọdún 2017, Màmá fi wá sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ọwọ́ wọn kiri. Fídíò ìgbéyàwó mi wà nínú àwo CD, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e jáde mọ́ nínú ilé wa. Àwòrán tí mo kó sínú fóònù, olè ti gbé fóònù náà lọ. Owó ayàwòrán ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ná lọ́jọ́ náà. Ohun tí a kò ná kọ́bọ̀ lé lórí ni ì bá ṣẹ́ kù, ká ní mo mọyì rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni èyí. Òótọ́ ni pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé ìdì òdòdó wọ ilé wa. Ṣùgbọ́n fífi ohun ọjọ́ ayọ̀ pamọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ àpótí ìyá àgbà, níbi tí sányán, ẹtù àti àlàárì ti ń sùn pẹ̀lú kàfúrà láàárín wọn? Àwọn òyìnbó náà kò sì ka òdòdó ìgbéyàwó sí ohun yẹpẹrẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1923, nígbà tí Elizabeth Bowes-Lyon, tó padà di ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ń wọ Westminster Abbey lọ ṣe ìgbéyàwó, ó gbé ìdì òdòdó rẹ̀ lé orí sàréè ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Fergus, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú lójú ogun ní ọdún 1915. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyàwó ìdílé ọba ti ń fi òdòdó tiwọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Òdòdó ìdùnnú di òdòdó ìrántí.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo gbé òdòdó àbúrò mi délé, nítorí náà n kò lè dúró de ọyẹ́. Mo ra silica gel, àwọn hóró kéékèèké tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi mu. Mo da díẹ̀ sísàlẹ̀ ike ọlọ́mọrí, mo gbé àwọn róòsì lé e, mo sì rọra da ìyókù sí àárín ewé òdòdó títí ó fi bò wọ́n. Mo dé e pa fún ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Àwọn òdòdó pẹlẹbẹ ni mo tẹ́ sáàárín bébà nínú ìwé ńlá, mo gbé òkúta lé e, mo sì ń pààrọ̀ bébà náà. Pupa dúdú díẹ̀, funfun sì di àwọ̀ ògì. Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó gbígbẹ máa ń rí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo tò ó sínú férémù onígíláàsì, mo sì gbé e tọ àbúrò mi lọ.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Màmá mọ̀. Wọ́n rí gàrí nínú ìgò náà nígbà tí wọ́n wá fún ìkómọ yín. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ọjọ́ kan á dé tí ẹ̀yin fúnra yín á wá a."

N kò lè sọ̀rọ̀. Àbúrò mi wọ yàrá lọ, ó gbé àlàárì Màmá tó jogún jáde. Apá ibi tí wọ́n ti gé nítorí tèmi ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Ó gé díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó fi ọ̀kan sínú férémù rẹ̀, ó sì fi èkejì lé mi lọ́wọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá lọ sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ tó gba ọ̀nà ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ibi tí òdòdó ìyàwó wà.