Eku Méjì, Ọdẹ Kan

Òwe kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òtútù tó kọjá: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò sì fìgbà kan rí kàn mí. Àfi lọ́jọ́ tí mo sọ fún arákùnrin Yorùbá kan tí a jọ ń gbé irin ní jíìmù, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún triathlon. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, gbogbo ẹran ara tí ẹ fi òógùn kó jọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi eré sísá yọ́ ọ dànù ni? Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo o." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa délé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Triathlon tèmi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ṣe fáàrí. Kúkúrú ni, èyí tí wọ́n ń pè ní sprint: 750 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, 5 kìlómítà lẹ́sẹ̀, kò sì sí ìjókòó láàárín wọn. Àwọn tó ń ṣe Ironman, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii ní 1978, ń lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ fún 180, kí wọ́n tó wá fẹsẹ̀ sá 42. Lójú irú wọn, ìdárayá òwúrọ̀ ni tèmi. Àmọ́ mi ò ṣe irú rẹ̀ rí, mo ti kọjá ọmọ ogójì ọdún, mi ò sì fẹ́ fi irin sílẹ̀.

Ibi iṣẹ́ mi ni mo ti kọ́ pé kí n má fi irin sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo sì wà. Mo máa ń rí ìyá tó tọ́ ọmọ mẹ́fà yanjú, tí kò lè dá dìde lórí àga mọ́. Àìsàn tó gbé e wá sílé ìwòsàn ti lọ, itan rẹ̀ ni kò lẹ́ran tó máa gbé e. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè ni ẹran ara ń dínkù díẹ̀díẹ̀, èyí tó sì máa ń dá a dúró jù ni kí èèyàn máa gbé ohun tó wúwo: kó gbé irin lé èjìká, kó lóṣòó, kó dìde. Ìyẹn ló gbé mi dé jíìmù. Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́, ojú ayé náà wà níbẹ̀. Láàárín tiwa, bí obìnrin bá rù, wọn kì í bi í pé kìlómítà mélòó ló sá. "Kí ló ń ṣe ẹ́?" ni wọ́n ń bi í.

Mo wá ń wádìí bóyá òótọ́ ni pé eré sísá ń jẹ ẹran. Ibẹ̀ ni mo ti bá Robert Hickson pàdé nínú ìwé. Agbérin ni Hickson. Nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ìwádìí lọ́dọ̀ John Holloszy ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé ọ̀gá òun fẹ́ràn eré sísá, òun náà bá ń bá a sá. Kò pẹ́ tó fi rí i pé agbára òun ń lọ, ara òun sì ń fọn. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, kó fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó bá ní yàrá ìwádìí tirẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980.

Ó pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń gbé irin ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń sáré, ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Àwọn tó kù ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ṣe é. Agbára àwọn tó ń gbé irin nìkan ń gòkè títí dé òpin. Ti àwọn tó ń ṣe méjèèjì bá wọn gòkè fún bí ọ̀sẹ̀ 7, ó dúró sójú kan, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó ń wálẹ̀. Èémí wọn kò ní ìṣòro kankan. Ó gùn bíi ti àwọn tí kò fọwọ́ kan irin rárá. Ìyẹn ni pé wọ́n pa eku kan, wọ́n gbé e sápò. Èkejì ló sá wọgbó.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wọ inú ẹran ara lọ láti wá ẹni tó ń dá ìjà náà sílẹ̀. Wọ́n rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní mTOR, tó máa ń pàṣẹ pé kí ara kọ́ ẹran. Irin gbígbé àti oúnjẹ tó ní pùròtéènì ló ń jí i. Wọ́n rí òmíràn tó ń jẹ́ AMPK, èyí tó máa ń jí nígbà tí eré bá pẹ́, tí agbára sì ń tán lára. Bí AMPK bá ti jí, á dá mTOR dúró, bí ìyàwó ilé tó ní kí àwọn bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀ ná nítorí pé owó oúnjẹ ti wọ inú sìmẹ́ǹtì. Mo ka ìyẹn, àyà mi já. Mo rò pé arákùnrin mi ti jàre.

Kò jàre tó bó ṣe rò. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2012, ó hàn pé eré sísá ló ń dí irin lọ́wọ́ ju kẹ̀kẹ́ wíwa lọ. Nígbà tí wọ́n tún kó òmíràn jọ ní 2022, ó hàn pé ẹran ara ń tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi, agbára láti gbé ohun tó wúwo sì ń pọ̀ sí i, yálà èèyàn ń sáré tàbí kò sáré. Agbára òjijì, irú èyí tí a fi ń fò sókè, nìkan ló lè dínkù díẹ̀, pàápàá bí èèyàn bá ki méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀, kí n máa bá tèmi lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6 inú ìwé Hickson ló ń dún sí mi létí. Ọjọ́ 7 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì, ìgbà wo ni wọ́n ń sinmi?

Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Omi kò ka irin sí. Ẹran ara wúwo ju omi lọ, nítorí náà itan tí mo fi ìlóṣòó kọ́ ń fà mí sísàlẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu omi bí ẹni tí omi jẹ ní gbèsè. Òyìnbó àgbàlagbà tó ń kọ́ wa dúró létí adágún, ó wò mí títí, ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe mí: mò ń ṣiṣẹ́ jù.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Màmá Bódìjà ló yọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Orúkọ ọjà ni gbogbo wa fi ń pè é, nítorí pé alábàárù ni ní Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Láti ìdájí tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti kó ata àti iṣu dé, títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹrù ló ń rù. Òṣùká á wà lórí, ọpọ́n á wà lórí òṣùká, ẹrù ẹlẹ́rù á kún inú ọpọ́n. Kì í rìn. Eré ló ń sá tẹ̀lé oníbàárà láàárín èrò, tó ń ké pé "Ẹ yà! Ẹ yà!", torí pé bó bá ṣe tètè sọ ẹrù kan ló ṣe máa tètè rí òmíràn. Apẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin méjì fọwọ́ dì mú, wọ́n á gbé e lé e lórí níbi tó lóṣòó sí, á sì dìde. Èmi tí mo ń sanwó lóṣooṣù kí n lè lóṣòó lábẹ́ irin, mi ò tíì dé ìdajì ohun tó ń gbé.

Bí ẹnì kan bá lé eku méjì láyé yìí, òun ni. Agbára wà níbẹ̀, èémí wà níbẹ̀. Ẹran ara nìkan ni kò sí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́; ọrùn rẹ̀ nìkan ló nípọn.

Lọ́dún kan, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ìyá mi lọ gbé e wá sílé wa, ó ní kò gbọdọ̀ fojú kan ọjà títí oṣù á fi parí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. "Ta ló máa bá mi di oníbàárà mi mú?" Ìyá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ ẹ̀wà yín." Ẹ̀wà àti ẹyin láàárọ̀, àmàlà àti ẹja lọ́sàn-án, oorun lẹ́yìn méjèèjì. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí i tó sùn nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run. Ó padà sọ́jà. Nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn náà, inú ń bí i. Ó ní àwọn aláta ti di olè, wọ́n ti ń dín ata kù nínú apẹ̀rẹ̀, pé ẹrù kò wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dín ata kankan kù.

Ìtàn ẹ̀rín ni ìtàn yẹn jẹ́ nílé wa. Inú adágún ni mo ti wá rí i pé ìdáhùn ìbéèrè mi ni. Irin nìkan kì í kọ́ ẹran. Ó ń pe àwọn bíríkìlà, ó sì ń wó o díẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá ti gbé e kalẹ̀, tó jẹun, tó sùn, ni ara máa ń kọ́ ọ padà ju bó ṣe wà lọ. Màmá Bódìjà ti ń wó ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sígbà tí àwọn bíríkìlà ráyè wá. Lọ́dún tí ibà fi tipátipá dá a jókòó, wọ́n wá. Àwọn èèyàn Hickson tó gbé irin lọ́jọ́ 5, tí wọ́n tún sá eré lọ́jọ́ 6, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé eré ló jẹ agbára wọn. Ó lè jẹ́ pé àìsinmi ló jẹ ẹ́. Òwe wa ka eku, ó ní méjì ni wọ́n. Kò bèèrè bóyá ọdẹ sùn.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 bèèrè rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣàìsùn mọ́jú, òru kan péré, wọ́n sì wo bí ara wọn ṣe ń kọ́ ẹran. Ó fi 18% dínkù. Lóru, níbi iṣẹ́, láàárín àkókò ìsinmi mi ni mo ka ìyẹn, pẹ̀lú ẹyin sísè méjì nínú ike lọ́wọ́ mi, torí pé mò ń ṣọ́ pùròtéènì mi lójú méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni òwe yẹn ti ń dún lọ́nà mìíràn létí mi. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí tí wọ́n ń ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìlera, lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣe síkọ́ríìtì lóru. Arákùnrin jíìmù wa wà lára wọn: ó ń ṣọ́ ilé mọ́jú, ó sì ń gbé páálí kiri fún àwọn oníbàárà kó tó lọ sùn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún irú wọn pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Akínkanjú là ń pè wọ́n. A ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Bó bá jẹ́ eré ni èèyàn fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe, a rántí pé ara ní òdiwọ̀n. Bó bá jẹ́ owó ni, a gbàgbé. Àwọn tó sì ń sọ fún Màmá Bódìjà pé agbára rẹ̀ pọ̀, ìyìn ni wọ́n rò pé àwọn ń yìn ín. Ẹrù ni wọ́n ń gbé lé e.

Nítorí náà, ìlànà mi yí padà. Ọjọ́ tí mo bá gbé irin tó wúwo fún ẹsẹ̀, mi ò sáré; bó bá pọn dandan, kẹ̀kẹ́ ni mo máa gùn, á sì jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìlúwẹ̀ẹ́ wà lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí. Àárọ̀ tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, oorun ni iṣẹ́ mi. Èyí tó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni pé mo dín iṣẹ́ òru àfikún tí mo máa ń gbà ní ilé ìwòsàn kù. Itan mi kò fọn, èémí mi sì ń gùn sí i.

Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ àfikún yẹn ni mo fi ń ran ọmọ Màmá Bódìjà lọ́wọ́ ní Ìbàdàn láti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Mo pè é, mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ máa dínkù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi jàre, ara lẹ ó fi ṣe é." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ó ti gba iṣẹ́ kejì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹrù tí mo sọ̀ kò sọnù, orí ló pààrọ̀. Àwọn tó ń tẹ ìlànà bí a ṣe ń pín ọ̀sẹ̀ láàárín irin, omi, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá máa ń fi àyè kan sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi, wọn kì í sì í kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó bá wa sanwó rẹ̀.