Ta Ni Ó Ń Lu Agídìgbo?

Páálí àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá kan wà lọ́wọ́ mi tí etí rẹ̀ ti ya. Àwo bàbá mi ni. Nílé wa ní Pórógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ, àwa ọmọdé á sì pa ẹnu mọ́, nítorí Bàbá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo bo orin náà.

Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó lu agídìgbo inú àwo yẹn. Mo yí páálí náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. Orúkọ Hárúnà wà níbẹ̀ gàdàgbà. Gbogbo àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó wọn pọ̀: òun àti Ẹgbẹ́ Àpàlà rẹ̀. Ó dùn mí dénú.

N kò fẹ́ bu Hárúnà kù o. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú? Ní 1948 ló ti ṣe àwo fún Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, àwo náà kò sì tà. Kò torí ìyẹn fi orin sílẹ̀. Òde ìnáwó kan dé òmíràn ló ń lọ. Nígbà tí ọba náà kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tó já ní Líbíà ní 1955, ó tún orin yẹn ṣe, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ kí olórin lè ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn orin sílẹ̀, tí àwọn olórin ń ti Èkó wá lò. Iyì tirẹ̀ kò dín. Àwọn tó jókòó yí i ká ni mò ń wá.

Hárúnà kò gba gìtá láyè, kò gba fèrè òyìnbó láyè. Àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á rọra máa kọrin, kò ní kánjú, ohùn rẹ̀ á máa yí bíi ti ẹni tó ń ké Kùránì. Irú orin pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá lágbára, wíwó ni yóò wó. Agídìgbo ló gbé e ró. Àpótí pákó ńlá ni, irin pẹlẹbẹ mélòó kan wà lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò ni alágídìgbo fi ń ta irin wọ̀nyẹn, àwọn ìka yòókù á sì máa gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí, kó, kó, kó. Ẹnì kan ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Inú ikùn lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Ẹ fi ọkàn yọ ọ́ kúrò nínú orin náà, ẹ ó rí i pé ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀ ni ó kù.

Àwọn onígángan méjì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí Hárúnà bá dánu dúró láti mí, ìlù ló ń bá a parí gbólóhùn. Ṣùgbọ́n onílù ṣì ń rí owó lẹ̀ mọ́ iwájú orí lóde àríyá, ó sì ní oríkì Àyàn tó ń jẹ́. Àwọn ẹlẹ́gbè ni mo tún ń ṣàánú. Hárúnà lè na oríkì olówó kan títí tí yóò fi kan ìyá ìyá rẹ̀, kò sí ìwé níwájú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọn kì í gbè ṣáájú, wọn kì í gbè lẹ́yìn. Orúkọ olówó wà nínú àwo títí dòní. Tàwọn tó gbè é ńkọ́?

Òwe kan tilẹ̀ wà tí a fi ń yangàn: bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo ń yẹ páálí yẹn wò ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa. Òwe náà fún ẹni tó ń jó ní oyè, ó fún ẹni tó mọ ìtumọ̀ ní oyè. Ẹni tó ń lù ú wà nínú “là ń” lásán.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àpàlà. Nínú ẹgbẹ́ Fẹlá, òun ló ń sọ ohun tí olúkúlùkù yóò fọn tàbí ta, àfi ìlù Tony Allen tó jẹ́ pé Tony fúnra rẹ̀ ló ń hun ún. Láti 1964 ni wọ́n ti jọ wà, Fẹlá sì jẹ́wọ́ pé bí kò bá sí Tony, kò ní sí Afrobeat. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó àti iyì wà lára ohun tó tú wọn ká nígbà tí ọdún 1970 sí 1979 ń parí lọ. Tony ríbi lọ, ayé sì mọ orúkọ rẹ̀ kó tó kú ní Paris ní 2020. Lekan Animashaun, Bàbá Aní, ni ọ̀ràn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Ó dé ní 1965, sasofóònù olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń fọn, kò sì lọ títí Fẹlá fi kú ní 1997. Ó tún dúró ti Ṣeun ọmọ Fẹlá lẹ́yìn náà. Àwo tirẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1979, ọdún 1995 ló tó jáde.

Ti Bàbá Aní ṣì sàn, orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Mo gbé àwo bàbá mi lọ bá bàbá àgbà kan ní Ìta-Àlẹ̀ tó ti lu àkúbà nínú ẹgbẹ́ àpàlà nígbà èwe rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi orin sí i. Bí agídìgbo ṣe wọlé, wọ́n dijú, ìka wọn sì ń gbá apá àga, kó, kó, kó, kò yẹ̀ níbì kankan.

“Mo mọ ọwọ́ yẹn,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ló sá mọ́ mi lórí, ọmọ mi.”

Wọ́n ní ẹnì kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí yóò rántí, àgbà jù wọ́n lọ ni, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. A ti fi Sátidé yìí ṣe àdéhùn. Ọ̀nà Orù la ó gbà, àárọ̀ kùtù la ó sì jáde. Mo ti fi bírò sínú páálí àwo náà.