Ìpẹtà Abẹ́ Ọkọ̀

Adum ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Suame Magazine, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní Kùmásì, ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́jọ́ ogbó. Peugeot 504 mi, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ni ó gbé mi débẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà ti jẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Irin yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó wà lára ohun tí ó gbé ọkọ̀ ró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ìyàwó mi máa ń jókòó.

Yorùbá ní ìpẹtà, a ní ìdógùn-ún, Bíbélì sì fún wa ní ìpáàrà. Síbẹ̀ kò sí èyí tí ó ya irin tí ojú rẹ̀ pọ́n lásán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ti jẹrà. Òòlù kékeré ni ọ̀gá mi, ẹni tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ́jọ́ orí, fi ń yà wọ́n. Èyí tí ó bá ké gooro, a fi í sílẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, gígé ni, títí a ó fi kan irin gidi, nítorí irin tuntun kì í dì mọ́ ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni mo ń jó o díẹ̀díẹ̀, níhìn-ín, lọ́hùn-ún. Bí iná bá pẹ́ lójú kan, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ká tàbí kí ó lu.

Apá òsì ti parí. Ìyàwó mi ní òun ń dúró de apá ọ̀tún.