Àgbá Kékeré kan ní Portsmouth

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Portsmouth Harbour láìsí wàhálà.  

Ìdí tí mo fi lọ ni pé mo máa ń kó módẹ́ẹ̀lì àgbá ọkọ̀ ogun àtijọ́ jọ, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí àwọn tó wà nínú HMS Victory. Ọdún 1765 ni wọ́n ti ọkọ̀ náà sómi. Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kú sínú rẹ̀ nígbà ogun Trafalgar ní ọjọ́ 21, oṣù Òkítóbà, ọdún 1805, nígbà tí àgbá 104 wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1922 ló ti wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ ní Portsmouth. Ọ̀pọ̀ àgbá tí wọ́n tò síbẹ̀ lónìí ni kì í ṣe ojúlówó, wọ́n ṣe wọ́n fúyẹ́ kí wọ́n má baà fa igi ọkọ̀ tó ti gbó ya. Mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìn kọjá níbẹ̀ kò lè fura pé àgbá ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,800, láìka pákó tó gbé e.

Ìta ọgbà ọkọ̀ náà ni mo ti rí ohun tó gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí àgbá idẹ dídán kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló gun kẹ̀kẹ́ ńlá onírin gbọọrọ. Ó dùn mí. Kẹ̀kẹ́ ńlá, ti orí ilẹ̀ ni. Àgbá inú ọkọ̀ kì í ní ju ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́rin lọ, igi sì ni. Irin dúdú ni àgbá àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Nelson, nítorí idẹ ti wọ́n jù.

Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ káfíńtà gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń tajà. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ó po tíì fún mi kó tó ṣí àpótí kan, ó sì gbé àgbá kan jáde, ìdá kan nínú mẹ́wàá ojúlówó tó wà nísàlẹ̀ Victory.

"Má wò ó lásán," ó ní, "gbé e."

Mo gbé e, ọwọ́ mi sì rẹlẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 29 lọ. Bàbá ní bí gígùn bá dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí ìbú àti gíga náà dín kù bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Irin kan náà lòun sì dà á, nítorí náà kílò 2,800 di kílò 2.8. Ọta ojúlówó wúwo tó kílò 14 àti ààbọ̀, tirẹ̀ kò sì tóbi ju ikin lọ.

Ó ní kí n yìn ín, láìsí ẹ̀tù. Mo ti ọta bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi ọ̀pá kékeré kì í wọlé. Mo fa okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí ẹnu rẹ̀ fi yọ jáde lójú fèrèsé pákó tó dúró fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo ti èèkàn igi abẹ́ ìdí rẹ̀ síwá sẹ́yìn láti gbé ẹnu rẹ̀ sókè sódò. Bàbá fi ìka gbá a sẹ́yìn, okùn tó nípọn jù, tó gba inú òrùka ìdí àgbá kọjá, gbá a mú kó tó jábọ́ lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ iwájú ga díẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ, nítorí ilẹ̀ inú ọkọ̀ a máa dà sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo iṣẹ́ yìí lè gba ọkùnrin 14 nídìí àgbá kan, nínú èéfín, tí àwọn ọmọdékùnrin á máa sáré gbé ẹ̀tù wá.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò ní Portsmouth. Mo rántí iṣẹ́ tí irú àgbá bẹ́ẹ̀ ṣe nílẹ̀ wa. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Yorùbá kan, lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù Épírílì 1822, HMS Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, mú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń gbé e lọ, ó sì di òmìnira ní Freetown. Àjàyí yìí kan náà, tó ti di Samuel Crowther, ló dé iwájú Ọbabìnrin Victoria àti Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1851 láti sọ̀rọ̀ lórí Èkó àti òwò ẹrú. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, iná jó ìlú, Ọba Kòsọ́kọ́ sá, wọ́n sì dá Akítóyè, tó ti jọba ṣáájú rẹ̀, padà sórí oyè. Ogun Agídìngbì ni àwọn ará Èkó pè é. Àwọn ọmọ ogun ojú omi tó tú ọmọ wa sílẹ̀ ló tún sun ilé wa níná. Mi ò lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹni tó bá ń kó àgbá jọ, ó yẹ kó mọ ibi tí ẹnu àgbá kọjú sí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Ó gbọ́ ọ láìjá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo wá béèrè bóyá ó lè ṣe àgbá ọkọ̀ Black Joke fún mi. Henriqueta ni orúkọ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ó ń kó ènìyàn láti Èkó lọ sí Bahia, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó mú un ní ọdún 1827, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń lé àwọn olówò ẹrú. Àgbá gígùn rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí òpó tó ń yí, wọn kì í sì í ní láti yí ọkọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀tá. Ní ọdún 1829 ó ṣẹ́gun El Almirante, ọkọ̀ ẹrú tó ní àgbá 14, ó sì gba ènìyàn 466 sílẹ̀.

Bàbá fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya òpó náà sẹ́yìn àpò ìwé. Ó béèrè bí mo ṣe fẹ́ kó tóbi tó. Mo ti gbàgbé ọkọ̀ ogun HMS Warrior tí mo fẹ́ wò tẹ̀lé Victory. Mo ní kó ṣe é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kó sì fi irin ṣe é, kì í ṣe idẹ, mo sì san àsansílẹ̀.