Láti Bódìjà dé Ìjàyè Kúrunmí

Bí ẹsẹ̀ bá rìn jìnnà, a rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a ń gbé Ìbàdàn òde òní, ní Bódìjà, ní Àgbówó, ní Ring Road àti ní Challenge, ọ̀pọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti tẹ Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí ó tó tẹ ilẹ̀ tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà wọn. Èyí ni ó mú kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi gbéra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a gba Òjóò kọjá sí Mọ́níyà, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin tí a fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà, tí a sì yà sí títì Ìsẹ́yìn.

Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí ni a ní lọ́kàn, ìlú àwọn ahunṣọ tí wọ́n ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù. Lẹ́yìn náà ni a ó gun òkè Adó-Àwáyé lọ wo Ìyàkẹ́, adágún omi tí ó wà lórí àpáta. A rí méjèèjì, ojú wa sì gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n Ìjàyè, tí a kàn fẹ́ gbà kọjá, ni ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ẹni tí ó bá ń sáré lọ kò ní rí ju ìletò àgbẹ̀ lọ: oko ẹ̀gẹ́, ilé onípáànù, àti ìyá àgbà kan tí ń yan gààrí lẹ́bàá títì. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, akọni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ òfin, ti jókòó lórí ìlú tí ó ń bá Ìbàdàn figa gbága. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gun orí ìtẹ́ dípò kí ó bá baba rẹ̀ kú gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́, Kúrunmí ní òun kò ní foríbalẹ̀ fún un. Ìbàdàn ní ti Adélù ni àwọn ń ṣe, ogun sì bẹ́ ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè; Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá kó ogun Ìbàdàn wá. Ogun pa àwọn ọmọ Kúrunmí lójú rẹ̀, ìyàn sì mú ní ìlú débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ sọ́wọ́ àwọn ajíyìnrere Bàtíìsì, tí wọ́n kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní ọdún 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè tú.

Mo gbà pé Adélù kò yẹ ní ẹni tí à ń pa nítorí àṣà, mo sì gbà pé Àtìbà ṣe rere tí ó yí àṣà náà padà. Ṣùgbọ́n kí odindi ìlú pa rẹ́ nítorí àríyànjiyàn náà, ìyẹn kọjá ohun tí ọmọ Ìbàdàn lè máa fi yangàn. Nígbà tí ìyá onígààrí bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo lẹ ti ń bọ̀?” tí a kúnlẹ̀ kí i, tí a dáhùn pé Ìbàdàn ni, ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà,” ó ní kí wọ́n bu omi fún wa, ó sì fi ẹ̀kún ọwọ́ gààrí gbígbóná sí ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan wa.

Ẹ̀yin ará Bódìjà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó tí ẹ máa ń háyà ọkọ̀ lọ sí Adó-Àwáyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eré kọjá Ìjàyè mọ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀, ẹ béèrè ìtàn ìdílé wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti sọ ọ́.