Ọkùnrin Tí Ó Fi Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Ra Màlúù

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí a ti ìsọ̀ wa pa, ní àkókò tí ọjà ń tà jùlọ, tí a sì padà sí oko bàbá wa, àwọn ẹbí pe ìpàdé lé wa lórí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wí pé ẹni tí Ọlọ́run ń bùkún kì í dìde kúrò níbi ìbùkún. A kò rí èsì fún un. Bí oúnjẹ kì í ti í dúró ní ikùn wa ní àárọ̀ ọjà, a kò lè sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí a ka ìtàn Byron Nelson, ará Amẹ́ríkà, ó sì dàbí ẹni pé a rí agbẹjọ́rò.

Ní Texas ni a bí i ní 1912. Ní èwe rẹ̀ ó ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún àwọn ọlọ́rọ̀ ní pápá Glen Garden, ní ìlú Fort Worth. Ben Hogan, tí òun náà di olókìkí, wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ ń gbé àpò níbẹ̀. Pápá kan ṣoṣo yìí mà mọ ọmọ tọ́ o!

Àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun a máa ti ìlú dé ìlú káàkiri Amẹ́ríkà bí alájàpá. Ní 1945, Nelson borí nínú ìdíje 18. Láti oṣù kẹta, ní Miami, níbi tí òun àti Jug McSpaden ti jọ gbá a, títí di oṣù kẹjọ ní Kánádà, 11 ni ó borí léraléra. Ní Memphis ni okùn náà já, Fred Haas, ẹni tí kò tilẹ̀ fi eré náà ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, ni ó borí níbẹ̀. McSpaden ní tirẹ̀ gba ipò kejì ní ìgbà 13 ní ọdún náà. Àánú rẹ̀ ṣe wá púpọ̀.

Àwọn kan wí pé ogun ni ó kó àwọn akọni lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ológun kò gba Nelson, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Ṣùgbọ́n Hogan àti Sam Snead gbá nínú ọdún náà, àwọn náà sì borí níbòmíràn. Ìpíndọ́gba iye ìgbà tí Nelson fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kí ó tó parí ihò 18 jẹ́ 68.33. Ihò kò sì gbòòrò sí i nítorí ogun.

Ohun tí ó mú wa lọ́kàn ni ìdí tí ó fi ń gbá a. Òun àti Louise aya rẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ oko. Bí ó bá borí, màlúù ni ó ń kà lọ́kàn, tàbí éékà ilẹ̀ mìíràn. Inú rẹ̀ a sì máa dà rú ṣáájú ìdíje ńlá, títí yóò fi bì. Ní 1946 ó ra oko ní Roanoke, ó sì fi ìrìn àjò ìdíje sílẹ̀, ẹni ọdún 34 péré! Ó ń gbá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n oko ni ilé rẹ̀ títí ó fi kú ní 2006, ní ẹni ọdún 94.

A ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa. Ó dákẹ́ pẹ́.

Ó ní, “Ọkùnrin yẹn ra màlúù. Ìwọ ńkọ́?”

A mú un dé ẹ̀yìn ilé, a fi ewúrẹ́ wa méje hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ka sí òbúkọ dúdú, ó ní kí a má ta ìyẹn kí Kérésìmesì tó dé.